Abẹ Tí A Bínú Sí

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀ bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta ilé wa, ìró abẹ bàbá mi ló máa ń jí mi láàárọ̀. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orí abẹ náà kan etí abọ́ omi, kó, kó, kó, kí irun àti ọṣẹ lè já bọ́ lára rẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi ẹ̀rọ oníbátìrì fá irungbọ̀n nínú mọ́tò, ẹ lè máa rò pé kí ló wà nínú abẹ tí ọmọdé á fi máa gbọ̀n. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Ajah ni ilé wa wà, ṣùgbọ́n Ajah ìgbà náà, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀nà ọ̀dà, kò sí ẹsitéètì kankan, kò sí géètì tí ẹnìkan ń ṣọ́. Ọ̀sà ni ọ̀nà wa. Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò láti ẹ̀bá ilé wa lọ sí Èkó. Ọkọ̀ onígi gbọọrọ ni, ó ní ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, àwọn obìnrin tó ń gbé ẹja yíyan àti àgbọn lọ tà ló sì máa ń kún inú rẹ̀. Ìyá mi wà lára wọn. Gbogbo ohun tí à ń jẹ, inú ọkọ̀ yẹn ló ti ń jáde.

Bàbá mi kì í wọkọ̀ láìfá irungbọ̀n. Wọ́n ti bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ rí nígbà ọ̀dọ́ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní kí èrò tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ojú awakọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò, pé bí ojú náà bá rí wúruwùru, ọkàn èrò ò ní balẹ̀ títí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á gbé dígí kékeré kọ́ sára òpó, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì ho ọṣẹ títí á fi funfun bí òwú, wọ́n á fi kun gbogbo àgbọ̀n, wọ́n á sì mú abẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé abẹ náà dáadáa, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn onífárí àtijọ́ máa ń pọ́n. Irin ni, ó ní èèkù tí ọwọ́ á dì mú, lórí èèkù náà ni àwo pẹlẹbẹ kan wà tó ní eyín bíi ti ìyarun, ọmọrí kan sì tún wà tí wọ́n máa ń dé lé e. Abẹ fẹ́lẹ́ máa ń wà láàárín méjèèjì, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ló mú. Ẹ máa yí èèkù náà kí ọmọrí lè tẹ abẹ fẹ́lẹ́ náà mọ́lẹ̀. Níbi tí abẹ kan ti yàtọ̀ sí èkejì ni bí ẹnu abẹ fẹ́lẹ́ ṣe yọ síta tó. Òmíràn wà tí ẹnu rẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ ọmọrí, tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan. Ti bàbá mi yọ ẹnu síta bí ajá tó fẹ́ bunijẹ. Ìyá mi ló sọ ọ́ ní Kò-gbẹ̀bẹ̀.

Ká má purọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára. Irungbọ̀n bàbá mi le bí èèpo àgbọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fa Kò-gbẹ̀bẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ á dán bíi ti ọmọ ọwọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí abẹ náà ń fẹ́ ni kéèyàn má tẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó sì máa wo ibi tí ọwọ́ ń lọ. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Fún ìgbà pípẹ́, n kò rí ẹ̀jẹ̀ lójú bàbá mi rí.

Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ojú ọgbẹ́ kékeré kan ni, lábẹ́ etí òsì. Bàbá mi lẹ òwú mọ́ ọn, wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òmíràn tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di pé a kì í mọ ọjọ́ tí òwú kò ní wà lójú wọn. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ológbò wo ló ń bá ọ̀gá wa jà nílé. Bàbá mi á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, ṣé ọwọ́ yẹn náà ló ń fi tukọ̀?

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ò ti ní ìsinmi mọ́. Bí bàbá bá ti gbé dígí kọ́, ìyá mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wá nǹkan, ojú rẹ̀ á sì wà lára abẹ. Èmi náà á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ìyá mi á fa èémí bí ẹni pé òun ni abẹ gé. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà tí a ò kà sí. Bàbá mi á fẹ́ mú ife, wọ́n á gbá a dànù. Wọ́n á máa gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, wọ́n á fi èjìká òsì gbá òpó. Ìyá mi á ní ó ti rẹ̀ wọ́n ni, pé oòrùn orí omi le. Àwa náà á gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ní Èkó, ló wá bẹ̀ wá wò tó sì rí òwú lójú àna rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé abẹ náà wá kí òun wò ó. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi ìka kan ẹnu rẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní ṣé irú abẹ yìí léèyàn ń gbé sún mọ́ ọ̀fun? Nígbà tó tún padà wá, ó mú abẹ tuntun kan bọ̀. Òun náà ní èèkù àti ọmọrí, ṣùgbọ́n kò ní eyín, ẹnu abẹ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ rárá. Ó ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni èyí, pé ẹni tó mutí yó gan-an lè fi fá irungbọ̀n. Ni a bá ń pè é ní Jẹ́jẹ́.

Bàbá mi ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní abẹ táwọn ti mọ̀ ni Kò-gbẹ̀bẹ̀, kò ṣe àwọn ní nǹkan kan rí. Ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá ní kí àwọn dán méjèèjì wò níṣojú gbogbo ilé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan fún abẹ kan. Àwọn ará ilé pé lé wọn lórí bí ẹni tó ń wo ìjàkadì. Bàbá mi fi Jẹ́jẹ́ fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, irun ò tán. Wọ́n tún fà á, wọ́n tún fà á, wọ́n ń kùn pé ṣé abẹ nìyí àbí ṣíbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò yọ. Wọ́n wá gbé Kò-gbẹ̀bẹ̀, wọ́n yíjú, wọ́n sì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ọrùn.

Ẹjọ́ parí. Gbogbo ilé dá Kò-gbẹ̀bẹ̀ lẹ́bi. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní bàbá ò gbọdọ̀ gbé e sójú mọ́, nítorí àwa ọmọ. Bàbá mi ní àwọn ti gbọ́. Ìyá mi fi àkísà wé abẹ náà, ó tì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀.

Ara wá tù wá. Òwú kúrò lójú bàbá mi. Lóòótọ́, nítorí pé wọ́n ní láti máa fa Jẹ́jẹ́ kọjá lójú kan náà léraléra, kókó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sú bo ọrùn wọn, ó sì máa ń yún wọn. Ìyá mi á fi àdín àgbọn pa á fún wọn nírọ̀lẹ́, á sì sọ pé kókó ò pa èèyàn rí. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ ò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í sùn títí oòrùn á fi wọlé bá mi. Àṣé a ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, èmi àti ìyá mi jọ wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù àgbọn. Ọyẹ́ ti lọ, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, ẹ lè máa wo igi ìhà kejì bí ẹni tó ń kà wọ́n. Mo jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, inú mi ń dùn. Mo rí apẹja kan, àgbàlagbà, nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ ní apá òsì wa. Ó tẹ̀ ba àwọ̀n rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ wa. Mo ń retí kí bàbá mi yà fún un. Bàbá mi ò yà. Mo wo ojú wọn, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wo iwájú, ara wọn balẹ̀. Ìyá mi ló figbe ta láti iwájú ọkọ̀ pé, "Ẹ wo òsì!"

Ó ti pẹ́ jù. Imú ọkọ̀ wa gbá ọkọ̀ kékeré yẹn, ó dojú dé, bàbá arúgbó náà bọ́ sómi. Mo ṣì ń gbọ́ bí àgbọn ṣe ń yí gbiri-gbiri lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bàbá mi pa ẹ́ńjìnì, wọ́n bẹ́ sómi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, àwọn obìnrin sì bá wọn fa ọkùnrin náà wọlé. Kò kú, a dúpẹ́. Apá rẹ̀ ló kán. Nígbà tó mí délẹ̀, ó wo bàbá mi, kò bú wọn, ó kàn bi wọ́n léèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o ò rí mi ni?"

Bàbá mi ní, "Mi ò rí yín, bàbá. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí."

Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Nínú oòrùn báyẹn? Àwọn kan ní ó mutí ni, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kì í fẹnu kan ọtí. Àwọn kan ní oorun ló gbé e lọ. Mo ń wo bàbá mi, omi ń kán lára wọn, wọn ò gbójú kúrò lára ọkọ̀ tó dojú dé náà, mo sì rí i pé ẹ̀rù ohun tó ṣẹlẹ̀ ń bà wọ́n ju bó ṣe ń ba àwa lọ. Ẹ̀rù wá bà mí dé egungun. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ yẹn burú ju irọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí bàbá mi ṣe gbé dígí kọ́, ìyá mi ṣí àpótí. Ó tú àkísà, ó gbé Kò-gbẹ̀bẹ̀ fún wọn. Bàbá mi bi í pé kí ló tún fẹ́. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi í fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ dán, ẹ̀jẹ̀ ò yọ rárá. Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. Ó ní kí wọ́n fá òsì. Wọ́n yíjú, wọ́n gbé abẹ náà síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì yọ.

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ni. A ò pààrọ̀ abẹ méjèèjì lọ́jọ́ yẹn."

Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún bàbá mi, ó na ọwọ́ kejì síwájú wọn, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Ó sún ọwọ́ mọ́ ojú òsì wọn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn. Wọ́n ní nǹkan kan ń rìn níbẹ̀, àwọn ò mọ ohun tó jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ bí ọmọdé tí wọ́n bi ní ìbéèrè nílé ìwé tí kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé àwọn rò pé bí ojú gbogbo àgbà ṣe máa ń rí nìyẹn. Mi ò rí bàbá mi kí wọ́n sunkún rí, wọn ò sì sunkún lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sun ún.

Ní ilé ìwòsàn ní Èkó, dókítà ní àìsàn kan ni, omi inú ojú ló ń le ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń tẹ iṣan ojú pa díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni, kì í pọ́n ojú, ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran wọlé, ojú kejì á sì máa bá a bo àṣírí. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá yíjú láti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, imú wọn á dí ojú tó dára lọ́wọ́, ojú tó ń kú nìkan ló máa ń kù. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Èyí tó kù ni a ó máa ṣọ́, ó sì fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sójú. Ó wá bi ìyá mi pé ṣé a ò rí àmì kankan látọjọ́ yìí ni.

Ìyá mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Àmì wà, dókítà. Abẹ la bínú sí."

Bàbá mi ò tukọ̀ mọ́. Ẹlòmíràn gba ọkọ̀, bàbá mi sì ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn apẹja, títí kan ti bàbá tí apá rẹ̀ kán. Owó ò tó mọ́ nínú ilé, a mọ ebi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ju Jẹ́jẹ́ sínú ọ̀sà. Kò-gbẹ̀bẹ̀ ni bàbá mi fi ń fá irungbọ̀n títí wọ́n fi darúgbó. Ìró rẹ̀ létí abọ́ ló ń jí mi nígbà náà. Mo máa ń sáré jáde láìbọ́jú, mo máa ń lọ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wọn. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, mo lè jẹun. Ojú ọ̀tún yẹn ò fọ́. Wọ́n fi wo èmi àti ìyàwó mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa.

Mo ti darúgbó báyìí. Ilé ọmọ mi obìnrin ni mo ń gbé ní Thomas Estate, ní Ajah yìí kan náà. Ibi tí ọkọ̀ wa ti máa ń gúnlẹ̀, wọ́n ti kó iyanrìn dí i, ilé ńláńlá ló wà lórí rẹ̀. Mi ò ní kí ayé má lajú o. Iná wà, ilé ìwòsàn ojú ò jìnnà, ẹ ò ní láti dúró de ọkọ̀ kankan kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo nǹkan tí wọ́n ń ṣe láyé òde òní, wọ́n ń ṣe é kó má bàa ta èèyàn lára ni. Èmi ṣì ń lo abẹ eléyín, irú ti bàbá mi, tí ọkọ ọmọ mi bá mi rà. Lóṣù tó kọjá, ó gé mi lábẹ́ etí òsì. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gé mi níbẹ̀. Ọmọ mi rí ẹ̀jẹ̀ lára tówẹ̀lì, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n ra èyí tí kì í gé èèyàn fún yín." Mo ní kó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kó gbé mi lọ yẹ ojú wò. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé mo ti wọ bàtà, ó gbé mi lọ.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ lójú mi, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a tètè dé, pé bí mo bá ń kán oògùn, ìwọ̀nba tó ti bà jẹ́ náà ló máa mọ. Dókítà, ọmọ kékeré kan báyìí, wá bi mí pé ọmọ-ọmọ mélòó ni mo ní, ó ní nǹkan yìí máa ń tẹ̀ lé ìdílé, pé kí gbogbo yín wá. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mélòó kan tí mo ti ń sọ fún yín. Ẹ̀ ń sọ pé ojú yín ò dùn yín, pé ẹ̀ ń rí gbogbo nǹkan kedere. Bàbá mi náà ń rí gbogbo nǹkan kedere. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ yín nínú yàrá, ó ń kùn wúù bí eṣinṣin, ẹ ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dán, láìsí ojú ọgbẹ́ kan. Ẹ̀rọ yẹn kò ní gé yín láé, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.